Pèrègún Ọjọ́ Ìtùnú Ààwẹ̀

Mi ò fẹ́ràn pèrègún. Mo mọ̀ pé igi ni, kò bá mi jà rí, ṣùgbọ́n tí mo bá rí i níbi tí wọ́n ti tò ó yí ilé olówó ká, tí ewé rẹ̀ ń dán nínú oòrùn, màá kàn gbójú kúrò ni. Ìyàwó mi ti bá mi sọ ọ́ títí. Ó ní, "Dádì, fúláwà lásán lẹ wá ń bá ṣọ̀tá yìí?" Mo ní òun náà ti ń sọ̀rọ̀ bí onímọ̀ ilẹ̀ wa ìjọsí nìyẹn. Bí wàhálà ṣe bẹ̀rẹ̀ gan-an nìyẹn, ẹnì kan pe pèrègún ní fúláwà.

Àárín àwọn ọdún 1990 ni, ayé ṣọ́jà, nígbà tí èèyàn ń sùn sórí ìlà epo bẹntiróòlù. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ di olùkọ́ kékeré ní ẹ̀ka ìtàn ní yunifásítì kan, mo sì gba yàrá sí Òṣogbo. Ọmọ Ìlobù ni bàbá mi, kó tó di olóògbé. Ìfọ́n-Ọ̀ṣun ló ti fẹ́ ìyá mi. Ẹni tí kò bá mọ ibẹ̀ á rò pé ọ̀nà jìn láàárín ìlú méjèèjì. Jìn bo? Ìyá mi lè gbé ẹ̀wà kaná ní Ìlobù kó lọ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní Ìfọ́n, kó sì padà wá bá ẹ̀wà náà lórí iná, bí wọn ò bá ti fi ọ̀rọ̀ dá a dúró. A jọ ń fẹ́ra wa, a jọ ń sin òkú ara wa. Ọ̀rọ̀ ilẹ̀ nìkan ló wà láàárín. Àwọn bàbá wa bá a láyé, àwa náà bá a, a sì ti kọ́ bí èèyàn ṣe ń rìn yí i ká láìtẹ̀ ẹ́.

Ìyá mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yìí, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Ìfọ́n, ni wọ́n jọ ní oko ọbì kan tí bàbá wọn fi sílẹ̀. Àwọn méjèèjì péré ni ìyá wọn bí. Oko náà bọ́ sí ibi tí ẹnikẹ́ni kì í fẹ́ fẹnu sọ pé ti ìlú báyìí ni. Ṣùgbọ́n nítorí pé ọ̀kan nínú àwọn tó ni ín ń gbé Ìlobù, tí èkejì ń gbé Ìfọ́n, kò sẹ́ni tó yọ wọ́n lẹ́nu. Bí aláìmọ̀kan bá bi Bàbá Ìfọ́n pé oko ìlú wo ni, á ní, "Oko ọmọ ìyá méjì ni." Ọmọ ìyá mi náà ló ń pe ìyá mi. Mi ò gbọ́ kó pe orúkọ rẹ̀ rí.

Àyà bàbá yìí kò le. Tí ọyẹ́ bá ti dé báyìí, ikọ́ dé nìyẹn. Ìyá mi ló ń se àgbo fún un, tí ó ń fi orógbó àti oyin sí i, tí ó sì ń rọ ọ́ sínú ìgò ọtí òyìnbó kan tí ọrùn rẹ̀ gùn bí ọrùn lékeléke. Ìgò yẹn kì í sinmi. Bó bá ti ṣófo ní Ìfọ́n, á gba oko padà sí Ìlobù. Àwọn ìyàwó Bàbá Ìfọ́n ń se tiwọn, kì í mu ún. Ó ní àgbo tí kò bá ti ọwọ́ ọmọ ìyá òun wá, omi gbígbóná ni.

Ibi tí nǹkan wà nìyẹn tí ọ̀gá wa kan, purofẹ́sọ̀ tó mọ ọ̀rọ̀ í sọ, fi pe márùn-ún nínú wa jọ. Onímọ̀ ilẹ̀ ni ọ̀kan, onímọ̀ omi abẹ́ ilẹ̀ ni èkejì, dókítà kan wà níbẹ̀, onímọ̀ ọrọ̀ ajé wà níbẹ̀, èmi onítàn ni mo sì kẹ́yìn. Ó ní àwọn kan ní òkè òkun fẹ́ ṣonígbọ̀wọ́ ìwádìí kan, a ó sì ṣe é ní Ìlobù àti Ìfọ́n. A ó wo ilẹ̀ oko, a ó wo omi, a ó wo àìsàn àwọn àgbẹ̀, a ó sì kó gbogbo rẹ̀ pọ̀ kí ìjọba lè gbẹ́ kànga ẹ̀rọ tí ìlú méjèèjì á jọ máa pọn. Ọ̀gá náà dìde dúró. Ó ní, "Láti òní lọ, kò sí ẹ̀ka tó máa dá ìwádìí ṣe mọ́. Ẹni tó bá ń dá a ṣe, àná ló wà. Ọ̀la yunifásítì, àjọṣe ni. Àgbájọ ọwọ́ la fi ń sọ̀yà!" A pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ta wá. Kí n má purọ́, orí mi wú. Mo ti ń fojú inú wo ìyá mi àti àwọn obìnrin Ìfọ́n nídìí ẹ̀rọ omi kan náà, tí wọ́n ń ṣẹ̀fẹ̀ ara wọn.

Èmi ni mo mú wọn lọ kí àwọn èèyàn mi. Ní Ìfọ́n, a dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Bàbá Ìfọ́n, ó fún wa ní ọbì, ó gbàdúrà fún wa. Lẹ́yìn náà ló wá bèèrè pé, "Ẹ̀yin ọmọ mi, tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, ta ni kí n ránṣẹ́ sí nínú yín?"

Ọ̀gá wa rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni nínú wa, Bàbá. Ọ̀kan náà ni wá."

Bàbá Ìfọ́n wo ilẹ̀. Ó ní, "Ẹnikẹ́ni kì í jẹ́ ìpè o." Gbogbo wa bú sẹ́rìn-ín, òun náà rẹ́rìn-ín, ikọ́ sì dá a lọ́wọ́ kọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ bí àjọṣe wa ṣe rí. Mọ́tò kan la ní, píkọ́ọ̀pù tí ìlẹ̀kùn kan kì í ṣí. Epo wọ́n. Nítorí náà, ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan ní ọjọ́ tirẹ̀. Onímọ̀ omi á gbé mọ́tò lọ, á dá a padà, dókítà á gbà á. Ohun tí eléyìí rí, tọ̀hún ò gbọ́. Ibi tí a ti ń pàdé kò ju búkà ẹ̀yìn ọ́fíìsì lọ, ẹran ọbẹ̀ la sì ń sọ níbẹ̀. Èmi tí mo jẹ́ ọmọ ibẹ̀, wọ́n fi mí sẹ́yìn pátápátá. Wọ́n ní táwọn bá parí iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì tán, kí n wá kọ ìtàn ìlú síwájú ìwé. Àjọṣe wo ló wà níbẹ̀? Mọ́tò la jọ ń lò, òun náà la sì ń jà lé lórí.

Onímọ̀ ilẹ̀ yìí kì í ṣe èèyàn burúkú. Òun ló tilẹ̀ wù mí jù nínú wọn. Ọmọ Yorùbá ni, ṣùgbọ́n Kàdúná ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló dàgbà sí, Yorùbá ẹnu rẹ̀ sì máa ń pa wá lẹ́rìn-ín. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kó máa bu ilẹ̀ láti ojú kan sí òmíràn, ní ìlà tó gùn tọ tọ tọ, kó sì máa padà síbẹ̀ ní àsìkò kọ̀ọ̀kan láti tún un bù. Ó ní láti fi àmì síbẹ̀. Ó kọ́kọ́ ri irin mọ́lẹ̀, àwọn alágbẹ̀dẹ ò jẹ́ kí irin náà pẹ́. Ó wá fi igi, ikán jẹ ẹ́. Ọ̀rọ̀ náà sú u. Lọ́jọ́ kan ló rí àwọn tó ń tún ọgbà ṣe ní kọ́tásì àwọn olùkọ́, tí wọ́n ń gé pèrègún dànù. Ó bi wọ́n bóyá igi yẹn máa ń kú. Wọ́n ní, ha, pèrègún kẹ̀? Kì í kú, ibi tí ẹ bá ti rì í mọ́lẹ̀ ló ń ta gbòǹgbò. Inú rẹ̀ dùn, ó kó ẹ̀ka rẹ̀ kún ẹ̀yìn mọ́tò.

Ọjọ́ ìtùnú ààwẹ̀ ni mọ́tò ṣí sílẹ̀. Dókítà wa jẹ́ Mùsùlùmí, dírẹ́bà jẹ́ Mùsùlùmí, àwọn méjèèjì ti lọ kírun. Onímọ̀ ilẹ̀ gbé mọ́tò fúnra rẹ̀, ó lọ sí oko. Ní Ìlobù àti ní Ìfọ́n, ta ni ẹ máa bá lóko lọ́jọ́ ọdún? Kò rí ẹnì kankan, ẹnì kankan ò rí i. Ó ki pèrègún mọ́lẹ̀ ní ìlà gbọọrọ, ó gba àárín oko ọbì ìyá mi kọjá, ó gba oko ẹlòmíràn kọjá, ó sì wakọ̀ padà sílé. Kò sọ fún wa. Kí ló fẹ́ sọ? Fúláwà ló gbìn.

Kò pẹ́ sígbà náà ni síráíkì bẹ̀rẹ̀. Ìjọba ti yunifásítì pa, wọ́n dá owó oṣù dúró, olúkálukú wá ibi gbà lọ.

Òjò wá rọ̀. Lọ́jọ́ kan ìyá mi dé bá mi ní Òṣogbo ní àárọ̀ kùtùkùtù, kò tiẹ̀ dúró kí n dọ̀bálẹ̀ tán.

Ó ní, "Ta ló wá gbin pèrègún sí oko wa?"

Mo ní, "Pèrègún báwo?"

"Pèrègún! Ààlà! Ó gba àárín oko kọjá, ó pín in sí méjì. Àwọn èèyàn bàbá rẹ sọ pé Ìfọ́n ló gbìn ín. Àwọn Ìfọ́n sọ pé Ìlobù ni. Wọ́n ti ń pe ìpàdé."

Ẹni tó bá jẹ́ ọmọ àgbẹ̀ nílẹ̀ wa kò nílò àlàyé. Tí o bá jí, tí o rí pèrègún tó tò lọ́ọ́rọ́ nínú oko rẹ, ẹnì kan ti sọ̀rọ̀ sí ọ. Ó ní ibi tí tìrẹ mọ nìyẹn. Mo tẹ̀lé ìyá mi lọ. Mo rí i fúnra mi. Gbogbo wọn ti yọ ewé. Wọ́n dúró tẹ̀léra wọn láti etí igbó dé ibi tí ojú mi ò tó mọ́. Mo sún mọ́ ọ̀kan. Ewé rẹ̀ ní ìlà yẹ́lò láàárín, irú ti inú ọgbà àwọn olówó. Pèrègún oko wa kì í nílà, aláwọ̀ ewé gidi ni. Èyí tí mò ń wò yìí, ìta ilé onímọ̀ ilẹ̀ ní kọ́tásì ni mo ti mọ̀ ọ́n, mo ti jókòó tì í mu bíà rí. Mo ké, mo ní, "Yéè! Àwa ni! Àwa la gbìn ín!"

Ìyá mi dì mí lẹ́nu mú. Ó ní, "Ta ni àwa? Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn lẹ́nu rẹ nínú oko yìí."

Mo sáré lọ sí kọ́tásì. Wọ́n ti pa ilé onímọ̀ ilẹ̀ dé. Aládùúgbò rẹ̀ ní ó ti rí iṣẹ́ sí ìlú òyìnbó, ó ti kó ìyàwó àti ọmọ lọ. Òun náà ló sọ fún mi bó ṣe kó ohun tó pè ní fúláwà sẹ́yìn mọ́tò lọ sóko lọ́jọ́ ìtùnú ààwẹ̀. Mo gba ilé ọ̀gá wa lọ. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó tẹ̀lé mi, ká dọ̀bálẹ̀ fún ìlú méjèèjì, ká fi ọwọ́ ara wa hú u lójú gbogbo ayé. Ó gbọ́ mi tán. Ó ní tí àwọn onígbọ̀wọ́ bá gbọ́ pé ìwádìí wa dá ìjà sílẹ̀, ó tán nìyẹn. Ó wá gbá mi léjìká pẹ́pẹ́. Ó ní, "Ọ̀rọ̀ àwọn ará ìlú, ẹ̀ka tìrẹ ló ni ín. Lọ bá wọn sọ̀rọ̀." Àjọṣe ti tán lójú ẹsẹ̀! Ọjọ́ oúnjẹ, ọ̀kan ni wá. Ọjọ́ ọ̀ràn, ẹ̀ka tèmi. Mo bú u nínú ọkàn mi dé ìran baba rẹ̀ kẹta kí n tó délé.

Mo bá wọn sọ̀rọ̀ náà. Olórí ilé wa ní Ìlobù, tó jẹ́ àbúrò bàbá mi, rẹ́rìn-ín sí mi. Ó ní, "Yunifásítì tí wọ́n tì pa ló jáde wá gbin igi? Ọmọ, ìwé ti kà ọ́." Ní Ìfọ́n, Bàbá Ìfọ́n gbọ́ mi jálẹ̀. Ó ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́. Ṣùgbọ́n ta ni mo fẹ́ sọ ọ́ fún? Òótọ́ dọ́jà, ó kùtà. Kí àwọn tó gbìn ín wá, kí wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́."

Mo ní, "Wọn ò ní wá, Bàbá."

Ó ní, "Ẹ ò rí i? Mo sọ fún yín pé Ẹnikẹ́ni kì í jẹ́ ìpè."

Láti ọjọ́ yẹn ni ìkíni ti kúrú. Ẹ̀yin tó mọ̀ wá, ẹ mọ̀ pé ní ilẹ̀ wa èèyàn ò lè kọjá níwájú ilé láìkí ara ilé, ọmọ ilé, àti ewúrẹ́ tó bímọ. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ ọjà, mo rí i tí obìnrin Ìfọ́n kan kọjá níwájú ìsọ̀ ìyá mi, "Ẹ kú ọjà" péré ló sọ, kò dúró. Àwọn mọ́tò tó ń ná Òṣogbo bẹ̀rẹ̀ sí í bi èrò pé ìlú wo lẹ ti wá kí wọ́n tó ṣílẹ̀kùn. Àwọn ọ̀dọ́ tó ń ṣe télọ̀ àti mẹkáníìkì ní Òṣogbo ń tètè ṣíwọ́, wọ́n ń wá jókòó sábẹ́ igi láìsọ̀rọ̀. Gbogbo alángbá ló danú délẹ̀, kò sẹ́ni tó mọ èyí tí inú ń run. Ẹ̀rù ń bà mí, mo sì ń bínú pé ẹ̀rù ń bà mí.

Ìyá mi kò bèèrè lọ́wọ́ mi kó tó ṣe ohun tó ṣe. Ní ọjọ́ kan, ní ọ̀sán gangan, ó mú ọkọ́ àti àdá, ó lọ sí oko, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hú pèrègún. Ó sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun ò fẹ́ ṣe é ní kọ̀rọ̀, kí wọ́n má pe òun lólè. Ó rò pé tí òun tóun jẹ́ ti ibí tóun tún jẹ́ ti ọ̀hún bá hú u, á dà bí ẹni pé ìlú méjèèjì ló hú u. Ìyá mi! Òun nìkan ló ṣe àjọṣe nínú gbogbo wa. Ó ti hú dé ìdajì oko tiwọn nígbà tó gbójú sókè. Àwọn ọkùnrin Ìlobù dúró ní apá kan, àwọn ọkùnrin Ìfọ́n dúró ní apá kejì. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n kàn ń wò ó ni.

Nírọ̀lẹ́, wọ́n pè é sí ìta ilé wa. Olórí ilé ní, "Ìyàwó wa, ààlà wa lo ń hú fún àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ?" Mo gbọ́ pé ní Ìfọ́n náà, wọ́n pe Bàbá Ìfọ́n, wọ́n ní àbúrò rẹ̀ ń hú ààlà wọn fún ilé ọkọ. Ọ̀rọ̀ kan náà, ẹnu méjì. Kí ilẹ̀ tó ṣú lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti tún un gbìn. Ìlobù gbin tiwọn, Ìfọ́n gbin tiwọn, lórí ìlà kan náà, pèrègún aláwọ̀ ewé gidi láàárín ti kọ́tásì. Ó wá nípọn ju èyí tí onímọ̀ ilẹ̀ gbìn lọ.

Bàbá Ìfọ́n ránṣẹ́ sí ìyá mi nípasẹ̀ obìnrin Ẹ̀rìn-Ọ̀ṣun kan tó máa ń ra ọbì lọ́wọ́ wọn. Ó ní kí ọmọ ìyá òun má wá sí oko mọ́, pé òun náà ò ní lọ mọ́, àyà òun ń já. Ìgò àgbo ń bẹ lọ́wọ́ ìyá mi nígbà náà. Ó ti rọ ọ́ kún. Ó bẹ obìnrin náà pé kó bá òun gbé e lọ, obìnrin náà kúnlẹ̀, ó ní kí ìyá má bínú, òun lọ́mọ nílé. Kò pẹ́ lẹ́yìn ìyẹn ni èéfín yọ ní ọ̀nà oko. Abà tí bàbá wọn kọ́, níbi tí wọ́n ti máa ń pín ọbì, ló ń jó. Mi ò mọ ẹni tó fi iná sí i, mi ò sì ní purọ́ mọ́ ìlú kankan. Ohun tí mo mọ̀ ni pé ìyá mi dúró ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń wo èéfín náà, ó ní, "Àwọn náà á máa wò ó láti ọ̀hún." Ọ̀rọ̀ Bàbá Ìfọ́n ló ń sọ.

Wọn ò rí ara wọn mọ́. Ọdún ń gorí ọdún. Ìyá mi wà nílé ọkọ rẹ̀, wọn ò lé e, ṣùgbọ́n bó bá ti wọ agbo àwọn obìnrin ilé, ọ̀rọ̀ á yí padà sí ọ̀rọ̀ ọbẹ̀. Ó mọ̀, èmi náà mọ̀. Obìnrin tó ń pariwo ẹ̀rín tẹ́lẹ̀, ó wá di ẹni tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Ó dùn mí dé egungun.

Nígbà tí ayé ṣọ́jà ń kógbá wọlé, tí ọ̀rúndún ń parí lọ, ọ̀gá wa tún dìde. Ipò rẹ̀ ti ga sí i nígbà náà. Ó ní àjọṣe tuntun dé, ìwádìí lórí ìjà ilẹ̀ láàárín Ìlobù àti Ìfọ́n. Àwọn amòfin wà nínú rẹ̀, àwọn onímọ̀ ìwà ẹ̀dá wà nínú rẹ̀. Wọn ò fi mí sí i. Wọ́n ní ọmọ ibẹ̀ ni mí, mi ò lè dúró láàárín. Èmi tí mi ò níbòmíràn tí mo lè dúró sí ju àárín lọ!

Wọ́n pè wá sí gbọ̀ngàn láti wá gbọ́ àbọ̀ ìwádìí. Wọ́n gbé àwòrán ńlá kan kọ́ sára ògiri, mo sì rí pèrègún wa. Ó ti ga, ó ti di odi. Amòfin kan fi ọ̀pá tọ́ka sí i, ó ní ààlà àtijọ́ nìyí, pé ohun kan ṣoṣo tí ìlú méjèèjì fẹnu kò lé lórí ni pé àwọn baba ńlá ló gbìn ín. Ìlobù ní baba àwọn ni, Ìfọ́n ní baba àwọn ni. Mo dìde. Mo ní, "Onímọ̀ ilẹ̀ wa ló gbìn ín! Ẹ wo ìlà yẹ́lò tó wà lára ewé rẹ̀. Inú ọgbà kọ́tásì yín ló ti kó o!"

Ẹ̀rín sọ níbì kan. Ọ̀gá wa ní kí n jókòó. Ó ní, "A ò mú onímọ̀ ewéko dání nínú èyí. Ìyẹn lè jẹ́ iṣẹ́ ọjọ́ iwájú." Wọ́n pàtẹ́wọ́.

Ọmọbìnrin kan tó bá wọn gba ohùn àwọn àgbà sílẹ̀ tẹ̀lé mi jáde. Àánú mi ló ṣe é. Ó fún mi ní kásẹ́ẹ̀tì kan, ó ní, "Ẹ má bínú, sà. Mo gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n ìyá yín wà nínú àwọn tí mo gba ohùn wọn." Mi ò gbọ́ ọ kí n tó gbé e lọ fún ìyá mi. Ohun tí mo rò ni pé kò tíì gbọ́ ohùn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ká jọ gbọ́ ọ.

Mo bá a ní ẹ̀yìnkùlé, ó ń bó ẹ̀gúsí. Mo ti kásẹ́ẹ̀tì bọ rédíò, mo ní, "Ìyá, ẹ gbọ́." Ohùn Bàbá Ìfọ́n jáde. Ìyá mi fọwọ́ bo ẹnu, ó rẹ́rìn-ín bí ọmọdé. Ọmọbìnrin náà bi í pé ta ló gbin pèrègún yẹn. Bàbá Ìfọ́n ní, "Bàbá wa ni. Lójú mi báyìí ló ṣe gbìn ín." Àwọn ọkùnrin tó wà lẹ́yìn rẹ̀ dáhùn pé, "Ẹ wí i!" Nígbà náà ni mo mọ̀ pé yàrá náà kún, pé kò dá wà. Mo wo ojú ìyá mi. Ó ṣì ń rẹ́rìn-ín díẹ̀.

Ọmọbìnrin náà tún bèèrè pé, "Ẹ̀yin mélòó ni ìyá yín bí, Bàbá?"

Ó ní, "Méjì ni ìyá wa bí."

"Èkejì ńkọ́?"

"Ó ti kú."

Ọmọbìnrin náà kí i pé ó kú ìrọ́jú, pé Ọlọ́run á dẹ ilẹ̀ fún un. Bàbá Ìfọ́n ní, "Àmín." Ikọ́ sì gbé e.

Mo na ọwọ́, mo pa rédíò náà. Ọwọ́ ìyá mi ti dúró sórí ẹ̀gúsí. Ó ní, "Ta ló ní kó o pa á?" Mo tún un tàn. Ikọ́ náà ń lọ, ó ń lọ, ó há, ó tún bẹ̀rẹ̀. Ìyá mi tẹ́tí sí i títí ó fi dákẹ́, bí ẹni ń gbọ́ ọmọ tó ń sunkún nínú yàrá.

Ó ní, "Ìyẹn kì í ṣe ikọ́ ọyẹ́ mọ́. Ó ti wọ̀ wọ́n láyà." Ó wọlé lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó jáde. Ìgò ọlọ́rùn gígùn yẹn ló gbé lọ́wọ́, ó ń fi etí ìró nu eruku ara rẹ̀.

Ó ní, "Ọmọbìnrin tó gba ohùn wọn yìí, ṣé ó máa tún padà lọ síbẹ̀?"

"Mi ò mọ̀, Ìyá."

"Bi í. Tó bá ń lọ, màá se àgbo, kó bá mi gbé e. Kó má sọ pé èmi ni o. Òkú kì í se àgbo. Kó ṣáà jẹ́ kí wọ́n tọ́ ọ wò. Wọ́n á mọ̀."

Mo lọ bi í ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ó ní wọ́n ti kọ àbọ̀ tán, wọ́n ti fi ránṣẹ́ sí òkè òkun, àwọn ò ní ohunkóhun ṣe níbẹ̀ mọ́.